Ẹ Jẹ́ Kí A Ran Àwọn Tó Ń Hùmọ̀ Nǹkan fún Ìlera Wa Lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣooṣù tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kò tíì san, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ òrùlé ilé ìpàdé tí ó ń jò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń jò síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àbá tí wọ́n gbé síwájú ìpàdé gbogboogbò tí ó kọjá ni, èyí tí ó fa ariwo tó bẹ́ẹ̀ tí alága fi ní láti lu tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó sún un síwájú.

Àbá náà kò gùn. Ó ní kí ẹgbẹ́ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tí ó bá wọlé lọ́dọọdún sọ́tọ̀, kí a máa fi ran ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá hùmọ̀ oògùn tàbí ohun èlò kan tí ó lè gba ẹ̀mí là, tí kò sì ní yunifásítì tàbí ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwọn kan ní ẹgbẹ́ ìlú kì í ṣe ilé ìwòsàn. Bàbá kan tí a bọ̀wọ̀ fún púpọ̀ dìde, ó ní òun kò rí ìdí tí a ó fi máa náwó lórí àgbo nígbà tí a kò tíì san gbèsè ọkọ̀ tí ó gbé òkú méjì lọ sílé lọ́dún tó kọjá. Ọ̀rọ̀ bàbá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀ àwa tí a ń kọ ìwé yìí wà lẹ́yìn àbá náà, a ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa méjì ló fa ọ̀rọ̀ náà. A kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé àwọn fúnra wọn kò tíì fẹ́ kí ayé mọ̀. Èkíní ni ìyá kan tí ń ta lẹ́kulẹ́ja lọ́jà wa. Ó ní àgbo kan tí ó jogún lọ́wọ́ ìyá ìyá rẹ̀ fún àwọn ọmọ tí egungun ń ro, àwọn tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá jà, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní sickle cell. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin pàápàá kò mọ̀, nítorí ọmọ náà ti kàwé, iṣẹ́ báńkì ni ó yàn láàyò. Ìyá yìí sì ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Èkejì ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń tún rédíò àti fíríìjì ṣe. Ó fi pákó, gíláàsì, gílóòbù iná àti bátìrì ọkọ̀ ṣe àpótí kan tí a lè tẹ́ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé sí, kí òtútù ọyẹ́ má baà pa á nígbà tí iná mànàmáná bá lọ. Nọ́ọ̀sì kan rí àpótí náà, ó yìn ín, ṣùgbọ́n ó kọ̀ jálẹ̀, kò tẹ́ ọmọ kankan sínú rẹ̀. A gbè é lẹ́yìn. Ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ̀ wò, ta ni yóò fi ọmọ ọlọ́mọ dán an wò? Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá lọ sí ọ́fíìsì kan láti béèrè ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n là kalẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n ní kí ó mú ìwé ọmọ onílùú wá. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, ìlú yìí ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìwé náà kò tọ́ sí i. Ó kọ̀wé sílé, àwọn ará ilé ní Òkè Ọya ló ń gbé, kí ó lọ béèrè níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ yìí ju bí a ti lè sọ ọ́ lọ. Bí ẹgbẹ́ kò bá dúró ti irú ẹni bẹ́ẹ̀, a kò mọ ẹni tí yóò dúró tì í.

Àwọn tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ àgbo kò lè dé ibì kan, ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn oògùn kan fún wọn. Ọmọ Yorùbá kan wà, Reverend P. O. Ogunyale, oníṣègùn ìbílẹ̀ ni. Ó ní oògùn kan fún fòníkú-fọ̀ladìde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó gbé ìmọ̀ náà lọ sí ilé ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Abuja, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1987, tí a ń pè ní NIPRD. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe ni olórí ibẹ̀ nígbà náà. Ohun mẹ́rin ló wà nínú oògùn yìí: iyèré, kànáfùrù, igi osùn, àti ewé ọkà bàbà. Kò sí èyí tí ẹ̀yin oníṣòwò kò mọ̀ nínú wọn. Kànáfùrù wà lórí àtẹ yín, tí àwọn oníbàárà yín ń pè ní kanumfari. Ọkà bàbà ni dáwà tí ó yí ìlú yìí ká, tí màlúù ń jẹ ewé rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. Ohun tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ ni ọkùnrin yìí fi ṣe oògùn.

Kò kàn ka ewé sílẹ̀ fún wọn bẹ́ẹ̀ lásán. Òun àti ilé ìwádìí náà ṣe àdéhùn lórí ìwé, tí ó sọ ẹ̀tọ́ tirẹ̀ bí oògùn náà bá di owó. Ìgbà náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fún eku jẹ láti mọ̀ bóyá ó ní májèlé nínú. Lẹ́yìn náà wọ́n kó àwọn aláìsàn 82 jọ, àwọn tí ìrora àrùn náà máa ń mú léraléra. A fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bí wọ́n ṣe dán an wò, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fún apá kan ní oògùn gidi, wọ́n fún apá kejì ní ohun tí ó jọ ọ́ tí kì í ṣe oògùn. Aláìsàn kò mọ èyí tí ó wà lọ́wọ́ òun. Dókítà tí ń tọ́jú rẹ̀ kò mọ̀. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n pààrọ̀ wọn, àwọn tí ń mu ayédèrú bẹ̀rẹ̀ sí í mu gidi, àwọn tí ń mu gidi bọ́ sórí ayédèrú. Ẹyìn èyí ni wọ́n tó ṣí ìwé láti wo ẹni tí ara tù àti ìgbà tí ara tù ú.

Kí ni wọ́n ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀ fún? Nítorí pé ìrora àrùn yìí ń wá, ó sì ń lọ fúnra rẹ̀. Bí ọmọ bá mu àgbo lónìí tí ara rẹ̀ sì yá lọ́túnla, ìyá rẹ̀ yóò búra pé àgbo ló ṣe é. Ó lè jẹ́ àgbo. Ó sì lè jẹ́ pé ara ọmọ náà fẹ́ yá tẹ́lẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá ní ẹgbẹ́ kejì láti fi wé e kò lè mọ̀, ì báà jẹ́ babaláwo, ì báà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n.

Èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀ oògùn ní 2001. Oògùn náà dín ìrora líle kù, wọn kò sì rí ewu ńlá nínú rẹ̀. Kò fi ẹ̀jẹ̀ kún ara àwọn aláìsàn, kò sì hàn pé ó dá àwọn ewu ńlá mìíràn tí àrùn náà ń mú wá dúró. A mọ̀ọ́mọ̀ kọ apá kejì yìí, nítorí pé ẹni tí ń polówó oògùn kì í kọ ọ́. Ìwádìí kan ṣoṣo ni, kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n láti ẹnu oníṣègùn kan títí dé ibẹ̀, ọ̀nà jíjìn ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni ọ̀rọ̀ owó. Ní 1998 wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀, tí a ń pè ní patent, ní Amẹ́ríkà. Ní 2002 ilé-iṣẹ́ Xechem ti Amẹ́ríkà gba àṣẹ láti máa ṣe é fún títà. Ní 2003 ìjọba Amẹ́ríkà kọ ọ́ mọ́ àwọn oògùn àrùn tí kò wọ́pọ̀, kí ẹni tí ń ṣe é lè rí ìrọ̀rùn díẹ̀. (Ẹ wo ayé: àrùn tí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn ni àjọ ìlera àgbáyé WHO sọ ní 2006 pé ó ń bá nǹkan bí ọmọ 150,000 wáyé lọ́dọọdún ní Nàìjíríà.) Ní 2006 oògùn náà jáde sí ìgboro níhìn-ín pẹ̀lú orúkọ Nicosan. Ní 2008 gbèsè wó Xechem lulẹ̀ ní Amẹ́ríkà, oògùn náà sì di àwátì. NIPRD ní láti tún máa wá ẹlòmíràn tí yóò ṣe é.

Lójú tiwa, ìmọ̀ kò kùnà nínú ìtàn yìí, ìwé kò sì kùnà. Orí igi kan ṣoṣo ni wọ́n so gbogbo ẹrù mọ́, igi náà sì wà lókè òkun. Ẹ̀yin tí ń ṣòwò mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ní oníbàárà kan péré, ọjọ́ tí oníbàárà náà bá wọ gbèsè ni ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ náà tì. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọlọ́jà ilẹ̀ yìí ti fi owó kékeré kékeré wọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá kì bá tí rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ má rò pé ewé nìkan ni a ń sọ, tàbí pé Yorùbá nìkan ló ń hùmọ̀ nǹkan. Nítòsí wa ní Jigawa ni olùkọ́ kan wà, Mohammed Bah Abba, ará ilé amọ̀kòkò. Ó ki ìkòkò amọ̀ kékeré bọ inú ńlá, ó da yanrìn sáàárín wọn, ó bu omi sí yanrìn náà, ó fi aṣọ tútù bò ó. Bí omi ti ń gbẹ ni inú ìkòkò ń tutù. Ìgbá tí ń bàjẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta pé ọjọ́ 27 nínú rẹ̀. Owó ara rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fi ṣe ìkòkò wọ̀nyí, tí ó sì pín wọn lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ará abúlé, kí ẹ̀bùn Rolex tó bá a ní 2000. Ó kú ní 2010. Irú ìkòkò amọ̀ báyìí ni àwọn dókítà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbi tí ooru pọ̀ tí kò sì sí iná ti lò láti pa oògùn insulin ti àwọn onítọ̀ọ̀gbẹ mọ́, kí ó má baà bàjẹ́. Ìkòkò o! Ohun tí ìyá wa àgbà fi ń pọnmi.

Ní Yenagoa, Virtue Oboro, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àwòrán yíyà, bí ọmọ ní 2015, ojú ọmọ náà pọ́n bí ẹyin adìẹ nítorí ibà pọ́njú-pọ́njú. Ìyà tí ó jẹ kí ó tó rí iná ìtọ́jú ló mú kí ó hùmọ̀ ibùsùn ọmọ tí ń lo agbára oòrùn, Crib A'Glow. Kì í ṣe dókítà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hippolite Amadi ní tirẹ̀ jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ; ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni ó fi ń ṣe ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí ń ran ọmọ tuntun lọ́wọ́ láti mí, kí ó tó gba ẹ̀bùn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti Nàìjíríà ní 2023. Ẹ̀bùn ń wá nígbà tí iṣẹ́ ti parí. Ìgbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ orúkọ, tí ìyàwó ń béèrè owó oúnjẹ, ìgbà náà ni ẹni tó ń hùmọ̀ nǹkan nílò ènìyàn.

Nísinsìnyí, ohun tí a kò fẹ́. A kò fẹ́ kí owó ẹgbẹ́ di owó àwọn tí ń fi gbohùngbohùn polówó gbogboǹṣe ní gáréèjì, tí igo kan ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ìtọ̀ ṣúgà, àìróorunsùn àti àìríṣẹ́. Wọ́n á ní NAFDAC ti fọwọ́ sí i. Ẹ yí igo náà padà kí ẹ ka ohun tí ó wà lára rẹ̀. Lára oògùn ìbílẹ̀ tí NAFDAC kàn kọ sínú ìwé rẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé ó ń ṣe wò. Nọ́ńbà nìkan kò sọ pé oògùn náà ń wo nǹkan sàn. Ẹni tí ó bá wá gba owó wa tí kò gbà kí wọ́n dán oògùn rẹ̀ wò, kí ó máa lọ ní àlàáfíà. Àwọn ìyá tí ọmọ wọn ní sickle cell, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi oògùn ilé ìwòsàn sílẹ̀ nítorí àgbo ẹnikẹ́ni, títí kan ti ìyá wa tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè. Òun náà sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òfin wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Òfin patent ilẹ̀ wa ti 1970 ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fi ìwé sílẹ̀ ni òfin náà kọ́kọ́ kà sí ẹni tí ó ni nǹkan, yálà òun ló hùmọ̀ rẹ̀ tàbí òun kọ́. Lóòótọ́, òfin ní bí ó bá jí i lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni, ẹ̀tọ́ náà padà di ti ẹni tí wọ́n jí i lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ ni yóò lọ fi ẹ̀rí hàn nílé ẹjọ́, ẹ sì mọ iye ọdún tí ẹjọ́ ń gbà níhìn-ín. Nǹkan náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun pẹ̀lú. Bí o bá ti fi han gbogbo ọjà kí o tó lọ kọ ọ́ sílẹ̀, ó lè di pé kò tuntun mọ́. Nítorí náà ni a ṣe bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin wa pé kí ó má gbé àpótí rẹ̀ wá sí ìpàdé. Àwọn kan bínú, wọ́n ní a ń fi nǹkan pamọ́ fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, a ń fi í pamọ́, fún ire rẹ̀ ni. Patent náà ń wà fún 20 ọdún bí a bá ń san owó ọdọọdún rẹ̀, ìjọba kò sì ṣe onídùúró pé nǹkan náà dára tàbí pé ó ń ṣiṣẹ́. Ọ́fíìsì NOTAP wà ní Abuja tí ó máa ń ran àwọn tó ń hùmọ̀ nǹkan lọ́wọ́ lórí irú ìwé yìí. Owó ọkọ̀ láti ibí dé ibẹ̀ àti ibi tí ènìyàn yóò sùn ni ó ń dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ dúró. Èyí kò tó owó aṣọ ẹgbẹ́ tí a rà fún ọdún tí ó kọjá.

A kò sọ pé aṣọ ẹgbẹ́ kò dára. Àwa náà rà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ohun tí ó kù nínú rẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé ẹni tí a bá ràn lọ́wọ́ yóò lówó tán, yóò gbàgbé ẹgbẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. A dá a lábàá pé kí a kọ ọ́ sínú ìwé pé bí nǹkan náà bá mówó wá, kí ó dá iye tí ẹgbẹ́ ná padà láìsí èlé, kí owó náà sì lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó kàn. Bí kò bá mówó wá, ẹgbẹ́ ti pàdánù nìyẹn, a kò sì ní mú un. Kí ẹgbẹ́ má béèrè ìpín nínú oògùn ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bá di oníṣòwò oògùn, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbè sẹ́yìn oògùn tiwa ju òtítọ́ lọ. Kí àwọn tí yóò máa yẹ ọ̀rọ̀ wò jẹ́ mẹ́ta: nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kan, amòfin kan, àti ọlọ́jà kan tí kò ta oògùn rí. Kí wọ́n má fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Owó ọkọ̀, owó àyẹ̀wò àti owó ìwé ni kí wọ́n máa san, kí wọ́n sì gba rìsíìtì.

Ní ti gbèsè ọkọ̀ tí bàbá wa mẹ́nu bà, akápò ti sọ fún wa pé yóò tán kí oṣù méjì tó pé bí àwọn tó jẹ owó oṣooṣù bá san án. Orúkọ wọn wà lẹ́yìn ìwé yìí. Ìdá kan nínú mẹ́wàá tí a ń sọ kò ní fọwọ́ kan owó òkú.

Ìyá wa ti gbà báyìí láti bá àwọn ilé ìwádìí sọ̀rọ̀, bí amòfin bá wà níbẹ̀, tí wọ́n bá sì kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé. Ó ní ọ̀rọ̀ ewé òun kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu òun lórí tẹlifóònù. Ó sì ní kí a má jẹ́ kí ó pẹ́, nítorí pé ẹsẹ̀ ń dun òun.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù tí ń bọ̀, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni a ó dìbò lórí àbá yìí nílé ìpàdé. Ẹni tí ó bá jẹ owó ju oṣù mẹ́ta lọ kò ní lè dìbò, gẹ́gẹ́ bí òfin ẹgbẹ́. Kí ẹ mú káàdì yín dání. Bí òjò bá rọ̀, a ó jókòó sí apá ọ̀tún, níbi tí kò ti jò.